Iye Tí Gbàǹjo Gbé Jáde Kọ́ Ni Iye Kọ́míìkì: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹni Kejì

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa tó ń ra kọ́míìkì àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ń bí mi nínú tipẹ́. Wọ́n á ní gbàǹjo kì í parọ́. Bí ìwé kan bá lọ ní $400 lánàá níbi gbàǹjo orí fídíò, a jẹ́ pé $400 ni iye rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá tà á ní $300 lónìí ti pàdánù, ẹni tó bá sì rí i rà ní $380 ti jèrè. Wọ́n á ya àwòrán ojú fóònù níbi tí owó ìkẹyìn ti hàn, wọ́n á sì gbé e síwájú ẹni tí wọ́n fẹ́ tà fún, bíi pé ìwé ẹ̀rí ni. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ló ń gbà á gbọ́ jù, owó tiwọn náà ló sì ń bá a lọ.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tó ti hàn sí gbogbo wa. Pé ìwé pẹ́ kò sọ ọ́ di owó. X-Men àkọ́kọ́ ti ọdún 1991 tà ju mílíọ̀nù 8 ẹ̀dà lọ, àìmọye àwọn tó rà á ló sì tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, nítorí náà ó ṣì pọ̀ nílẹ̀ dòní. Action Comics àkọ́kọ́ ti 1938, níbi tí Superman ti kọ́kọ́ jáde, 10 sẹ́ǹtì ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Díẹ̀ ló ṣẹ́kù, àwọn tó sì ń wá a pọ̀, òun ló fi di ohun tí wọ́n ń fi mílíọ̀nù dọ́là rà. Ìyẹn yé gbogbo ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí kò yé wọn ni ibi tí owó ìkẹyìn nínú gbàǹjo ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń gòkè. Èèyàn mẹ́ta fẹ́ ìwé kan. Ọ̀kan kò lè kọjá $150. Ọ̀kan lè dé $400. Ọ̀kan ti pinnu lọ́kàn pé òun á dé $900 bó bá gba bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ń fi $10 gòkè, ẹni $150 á kọ́kọ́ yọwọ́. Ẹni $400 á máa bá a lọ títí agbára rẹ̀ á fi pin. Ẹni $900 á fi $10 lé e, ìwé á sì di tirẹ̀ ní $410. Ẹ wo $410 yẹn dáadáa. Kò sọ ohun tí ẹni tó ra ìwé náà rò pé ó tó, nítorí $900 ló wà lọ́kàn tirẹ̀. Ibi tí ẹni tó pàdánù ti dákẹ́ ni iye náà ń sọ. Ẹni kejì, tí kò mú ohunkóhun lọ sílé, ló dá iye tí gbogbo wa ń gbé kiri. Kì í ṣe èmi ni mo wá a rí. William Vickrey, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti ṣàlàyé bí irú gbàǹjo báyìí ṣe ń ṣiṣẹ́ láti 1961, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1996.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀dà mìíràn jáde, ó rí bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ẹni $900 ti ní tirẹ̀, kò wá mọ́. Ó ku ẹni $400 àti ẹni $150. Ìwé náà á lọ ní $160. Ẹni tó bá to iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á pariwo pé ọjà ti dẹnu kọlẹ̀. Kò sí ohun tó dẹnu kọlẹ̀. Ẹnì kan ló ra tirẹ̀ tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí èèyàn tuntun méjì tí owó wà lọ́wọ́ wọn bá tún wọlé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iye náà lè fò dé $700. Ìwé kan náà, máàkì kan náà (ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ara ìwé ṣe dára tó), ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye mẹ́ta. Èwo nínú wọn ni kí n fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni iye rẹ̀?

Ti orí fídíò wá tún le sí i. Whatnot, ojú òpó tí wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo lórí fídíò, bẹ̀rẹ̀ ní 2019, eBay náà gbé eBay Live jáde ní 2022, àwọn méjèèjì sì ti mú kí gbàǹjo yá kíákíá. Olùtajà á gbé ìwé sókè sí kámẹ́rà, á tẹ bọ́tìnì, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ẹnì kan bá fi owó lé e nígbà tó ku díẹ̀, aago á fi àáyá mélòó kan kún un kí ẹlòmíràn lè fèsì. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí aago kì í fi nǹkan kan kún un. Bó bá ti pé, ó ti parí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn ló ni ín. Nínú irú èyí, ẹni kejì pàápàá lè má tíì dé òpin owó rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń fà, tàbí pé ó ṣì ń rò ó. Owó tó hàn nígbà náà kò sọ èrò ẹnikẹ́ni nípa ìwé náà ní pàtó.

Wọ́n á wá sọ fún mi pé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn ló ń wo fídíò náà, nítorí náà ọjà gan-an ló sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wò kọ́ ló ń dá iye. Àwọn tó ń tẹ bọ́tìnì ni, wọn kì í sì í sábà ju méjì tàbí mẹ́ta lọ nígbà tí owó bá ti gòkè. Àwọn yòókù ń bá ara wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀, wọ́n ń dúró de ìwé mìíràn, tàbí kẹ̀ wọ́n kàn ń wòran.

Ohun tó ṣì kù tí kò sí ẹni tó ń bi mí nìyí: ta ni ẹni kejì yẹn? Orúkọ ìnagijẹ kan ni a rí lójú fóònù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá ó fẹ́ ìwé náà tọkàntọkàn. Bóyá ọ̀rẹ́ olùtajà ni, tó wá ń gbé owó sókè kí ẹni tó fẹ́ ra ìwé gan-an lè máa sáré tẹ̀ lé e. Bóyá ẹni tí kò ní lè san owó ni, tí káàdì rẹ̀ ì bá kọ̀ ká ní òun ló borí. Bóyá inú ló ń bí i sí ẹni tó ń bá a fà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀, gbogbo wọn sì ń fi nọ́ńbà kan náà sílẹ̀ lójú fóònù. Èmi ò mọ ọ̀nà kankan tí ẹni tó ń wo $410 látòkèèrè fi lè mọ èyí tó ṣẹlẹ̀.

Òfin kò fojú fo ti gbájúẹ̀ yìí o. Ní Amẹ́ríkà, òfin káràkátà tó ń jẹ́ Uniform Commercial Code, ní abala 2-328, sọ pé bí olùtajà bá ń fi owó lé ọjà ara rẹ̀, tàbí tó bá ní kí ẹlòmíràn bá òun ṣe é láìjẹ́ pé wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú, ẹni tó ra ọjà náà lè fagi lé títà náà. Bó bá sì wù ú, ó lè gba ọjà ní iye tí ẹni olóòótọ́ fi lé e kẹ́yìn. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ṣe òun báyìí, bẹ́ẹ̀ orúkọ ìnagijẹ nìkan ló ní lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn á sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé gbàǹjo ńlá. Wọ́n á ní Heritage ta Action Comics àkọ́kọ́ kan ní mílíọ̀nù 6 dọ́là ní April 2024, ṣé ìyẹn náà kì í ṣe iye ni? Òótọ́ ni títà náà. Àmọ́ owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á wà nínú mílíọ̀nù 6 yẹn, ìyẹn ìdá 20 nínú 100 lórí iye tí owó wà nígbà tí wọ́n lu òòlù pé gbàǹjo ti parí. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, mílíọ̀nù 5 ló kù, ohun tó dé ọwọ́ ẹni tó tà á sì dúró lórí àdéhùn òun àti ilé gbàǹjo. Amazing Fantasy 15 ti 1962 náà ńkọ́, tí Spider-Man ti kọ́kọ́ jáde? Ẹ̀dà tí CGC, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́míìkì wò, fún ní máàkì 9.6 lọ ní mílíọ̀nù 1.1 ní 2011. Ẹ̀dà tó ní máàkì 9.6 tún lọ ní mílíọ̀nù 3.6 ní September 2021, nígbà tí owó ń ya wọ inú kọ́míìkì lásìkò Kòrónà. Ní 2022 ni iye ọ̀pọ̀ ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹni tó fi àwòrán 2021 ra ìwé ní 2023 kò rí gbàǹjo tó parọ́ fún un. Ọjọ́ mìíràn àti àwọn èèyàn mìíràn ló lọ fi díwọ̀n ìwé tirẹ̀.

Máàkì pàápàá kò yanjú ọ̀rọ̀ tán. Láti 2000 ni CGC ti ń yẹ ìwé wò, tí wọ́n ń fi máàkì láti 0.5 dé 10 sí i, tí wọ́n sì ń tì í mọ́ inú ike líle. Lébẹ̀lì búlúù ni ti ìwé tí kò ní àbùkù pàtàkì tó yẹ ká kéde, elésè-àlùkò ni ti ìwé tí wọ́n ti tún ṣe. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín àwọ̀ méjèèjì kì í ṣe kékeré, kámẹ́rà tó ń mì sì lè má jẹ́ kó hàn dáadáa. Ní ìparí 2023, CGC fúnra wọn kéde pé ẹnì kan ti ń fi ìwé tí kò dára tó rọ́pò èyí tó wà nínú ike, tó sì ń dá a padà fún wọn kí wọ́n fi ike tuntun sí i. Wọ́n gbé nọ́ńbà àwọn ìwé tí wọ́n fura sí jáde. Àwọn kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti lè kọjá nínú gbàǹjo, iye tí wọ́n lọ sì wà nínú àkọsílẹ̀ tí à ń tọ́ka sí.

Mi ò sọ pé gbàǹjo kò wúlò. Níbi tí ìwé kan ti ń jáde lemọ́lemọ́, tí máàkì rẹ̀ jọra, tí iye tó ń lọ sì ń sún mọ́ ara wọn láti oṣù dé oṣù lọ́wọ́ olùtajà tó yàtọ̀ síra, mo rò pé a lè gbára lé ohun tí a rí dé ìwọ̀n kan. GPAnalysis ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún àwọn ìwé inú ike, ó sì sàn ju àwòrán ojú fóònù kan lọ. Fún ìwé tí kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, tàbí èyí tí kò sí nínú ike, ó ṣeé ṣe kó má sí iye kan pàtó rárá, àfi àlàfo gbòòrò tí èèyàn ń méfò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń tà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìwé gidi ní $1 nítorí pé ẹnì kan sọ pé ọjà á gbé e dé ibi tó yẹ. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà lórí fídíò tó fẹ́ ẹ, $1 ló máa lọ, nítorí kò sí ẹni kejì. Ẹ sì ṣírò owó tí wọ́n ń yọ. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí Whatnot ń gbà lórí ọ̀pọ̀ ọjà jẹ́ ìdá 8 nínú 100, wọ́n á tún yọ ìdá 2.9 àti 30 sẹ́ǹtì fún sísan owó. Ìwé $20 á pàdánù nǹkan bíi $2.50 kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ̀yin tó ń rà, ẹ kọ òpin owó yín sílẹ̀ kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, kí owó ìfìwéránṣẹ́ àti owó orí sì wà nínú rẹ̀. Bí ìwé bá wà nínú ike, ẹ ní kí olùtajà mú nọ́ńbà ara lébẹ̀lì sún mọ́ kámẹ́rà kó tó tẹ aago, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ojú òpó CGC. Bí kò bá sí nínú ike, ẹ ní kó yí ẹ̀yìn ìwé àti àwọn igun rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kó sì ṣí àárín rẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tí wọ́n kàn án pọ̀. Ọ̀pọ̀ olùtajà á ṣe é láìjanpata. Èyí tó bá ní kò sí àyè, tó sì tẹ aago lọ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.