Kọ́kọ́rọ́ OpenPGP lẹ́nu géètì Git

Ká ní ìwé kan wà lọ́wọ́ máígádì ẹ̀sìtéètì kan ní Gwarinpa, nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ló ń ṣí géètì fún. Ta ló ni ọkọ̀ náà? Ṣé ó ṣì ń gbé ibẹ̀, àbí ó ti kó lọ sí Kubwa? Ìwé ò sọ. Bí fáìlì authorized_keys ṣe rí nìyẹn lórí sáfà tí ẹgbẹ́ kan ń fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù, kó kóòdù wọn sí: ìlà kan, kọ́kọ́rọ́ SSH kan. SSH ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ orí sáfà láti ọ̀nà jíjìn. Orúkọ tó máa ń wà ní ìdí ìlà kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó bá wu èèyàn ló lè kọ síbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ OpenPGP (ìlànà fún bíbuwọ́ lu ọ̀rọ̀ àti bíbò ó mọ́lẹ̀) kì í rìn níhòòhò bẹ́ẹ̀. Olórí kọ́kọ́rọ́ ló gbé orúkọ àti ímeèlì ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí yóò kú, àti òǹtẹ̀ àwọn tó jẹ́rìí sí i. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ kọ́kọ́rọ́ wà, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: S fún ìbuwọ́lùwé, E fún bíbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, A fún fífi ara ẹni hàn. A yìí ni SSH ń wá. Ìṣirò kan náà, RSA tàbí Ed25519, ló wà nínú méjèèjì; aṣọ ló yàtọ̀.

Nínú gpg, ètò tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ OpenPGP, `gpg --expert --edit-key` àti `addkey` ni wọ́n fi ń bí ọmọ A. Lẹ́yìn náà, ìlà enable-ssh-support á wọ inú gpg-agent.conf, fáìlì ìṣètò gpg-agent (agent ni ètò tó ń di kọ́kọ́rọ́ mú), keygrip ọmọ náà, àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, á wọ inú fáìlì sshcontrol, SSH_AUTH_SOCK, tó ń sọ agent tí ssh máa bá sọ̀rọ̀, á sì kọjú sí gpg-agent. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn kọsẹ̀: ssh ń bá agent àtijọ́ sọ̀rọ̀, àwọn ń bú kọ́kọ́rọ́.

Ìyókù dọwọ́ ẹni tó ń mójú tó sáfà. Kó tó gba kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan, ẹnu onítọ̀hún ni kó ti gbọ́ fingerprint rẹ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń dá kọ́kọ́rọ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 ni lára oríṣi tó wọ́pọ̀. Wọ́n á kà á tán kí àmàlà tó tutù ní búkà kan ní Wuse. Ẹni tó wà ní Kàdúná lè kà á lórí fóònù, bí wọ́n bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ìgbà náà ló máa lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e. `gpg --export-ssh-key` á wá sọ ọmọ A di ìlà SSH, tí Gitolite, ètò tó ń ṣọ́ ẹni tó lè wọ ibi kóòdù Git, máa ń tọ́jú sínú àpò fáìlì keydir pẹ̀lú orúkọ olúwarẹ̀.

Àmọ́ géètì fúnra rẹ̀ ò mọ OpenPGP o. Bí ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ bá pé, gpg ò ní gbé ìlà tuntun jáde, ṣùgbọ́n ti àná ṣì wà nínú keydir, ó sì ń ṣílẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí script, ètò kékeré tó ń gbé ìlà láti inú gpg lọ sínú keydir, fi gbọ́dọ̀ pa gbogbo ìlà rẹ́, kó tún wọn kọ látìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà, bí láàpútọ́ọ̀pù bá sọnù nínú ọkọ̀ Nyanya sí Berger tí ẹni tó ni ín sì ti kéde pé òun fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà, sáfà tí kò bá lọ wò ó níbi tí wọ́n kéde rẹ̀ sí ò ní mọ̀. Bí script bá ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, olè tó mọ páswọ́ọ̀dù lè ní wákàtí kan nínú ilé. Bó bá jẹ́ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ ni, ó ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko.