Ta Ni Yóò Sin Asẹ́ Tó Kú?

Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn mẹ́rin ti gbé ìgò omi wá bá mi ní ilé ìyẹ̀wò omi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọ́n sì sọ. Wọ́n ra ìyẹ̀fun kan lọ́wọ́ ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó ní ọjà Wando, wọ́n dà á sí kànga, wọ́n wá fẹ́ kí n bá wọn wò ó bóyá omi náà ti mọ́. Ẹni tó tà á pè é ní nánò. Lára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, n kò rí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò rí ìwọ̀n tó yẹ kí a lò, n kò sì rí orúkọ ẹni tó ṣe é. Àwòrán ewé tútù kan àti ẹ̀kán omi ni wọ́n tẹ̀ sí i. Mo yẹ omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ṣì wà nínú mẹ́ta.

Ó lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tó sì ń dùn mí ni pé ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n wá bi mí léèrè ti kọjá kí n tó rí wọn. Ohun tí a bá ti dà sínú omi abẹ́ ilẹ̀, kò sí igbá tí a ó fi bù ú padà, nítorí pé omi kànga mi àti ti aládùúgbò mi, ọ̀kan náà ni nísàlẹ̀.

Nánò kì í ṣe orúkọ oògùn, ìwọ̀n ni. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan níbẹ̀ ni nánòmítà. Irun orí ènìyàn máa ń fẹ̀ tó nánòmítà 80,000 sí 100,000. Irin ni o, fàdákà ni o, èyí tí ó bá ti kéré títí ó fi wà láàárín nánòmítà 1 sí 100 ni à ń pè ní eérún nánò. Ẹni tó bá ti se iṣu rí mọ̀ pé èyí tí a gé wẹ́wẹ́ máa ń tètè jinná ju odindi lọ, torí pé ara rẹ̀ tó kan omi gbígbóná pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin rí. Ẹ mú irin kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Gbogbo ara rẹ̀ lóde kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 onígun mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n bí a bá lè gé irin kan náà sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nánòmítà 1, ara tí yóò ní lápapọ̀ á tó mítà 6,000 onígun mẹ́rin, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Ìdí nìyẹn tí eérún nánò fi ń gbá ìdọ̀tí mú tó bẹ́ẹ̀. Ìdí náà sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ sọ fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí ìṣó irin kò ti pa wá lára, eérún rẹ̀ náà kò lè pa wá lára.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000, Wei-xian Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lehigh University da eérún irin sínú ilẹ̀ ní Trenton, New Jersey, níbi tí oògùn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin ti rin wọ omi abẹ́ ilẹ̀, irin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú oògùn olóró yẹn ká. Ní Tanzania, Askwar Hilonga fi iyanrìn àti ohun èlò nánò ṣe asẹ́ omi, nígbà tó sì di ọdún 2015, asẹ́ náà gba ẹ̀bùn ìmọ̀ ẹ̀rọ fún Áfíríkà tí Royal Academy of Engineering, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n asẹ́ tí eérún so mọ́ inú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ìyẹ̀fun tí a kàn dà sí omi tí kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró lórí fàdákà díẹ̀, torí pé òun ni wọ́n ń polówó jù. Eérún fàdákà máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, èyí tó ń yọ́ yìí ló sì ń pa kòkòrò. Kì í béèrè èyí tó jẹ́ kòkòrò onígbáméjì àti èyí tó ń bá wa jẹ ìgbẹ́ inú ṣáláńgá títí yóò fi di ilẹ̀. Bí ó bá bá omi tí a fi fọ asẹ́ jáde, tí ó gba gọ́tà dé inú ọ̀sà, kì í ṣe àrùn nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Asẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ ikú. Gbogbo ohun tó gbá mú, inú rẹ̀ ló wà. Nígbà tí ó bá kún, kò lè mú mọ́, ó sì lè máa tú èyí tó ti mú tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ padà sínú omi tí à ń mu. A ó wá yọ ọ́, a ó jù ú sórí ààtàn, òjò yóò fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀, tàbí kí ẹnìkan dáná sun ún lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kí èéfín rẹ̀ wọ ilé àwọn ọmọ. Mo ti ka ìwé ìpolówó asẹ́ tó pọ̀. Ojú ewé mẹ́wàá lórí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sí ìlà kan lórí ibi tí a ó sin ín sí.

Ní ọdún 2004, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Royal Academy of Engineering kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a ka dída eérún nánò tí kò so mọ́ nǹkan kan sínú ilẹ̀ àti omi léèwọ̀, títí ìwádìí yóò fi fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kí a tètè bá ará ìlú jíròrò. Faransé gbé irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ káàkiri ìlú wọn láti oṣù kẹwàá ọdún 2009 sí oṣù kejì ọdún 2010. Àwọn kan dà á rú, wọ́n ní ìjọba ti pinnu tán kó tó pe àwọn, àwọn ìpàdé kan kò sì lè wáyé. Síbẹ̀, láti ọdún 2013, ẹni tó bá ṣe ohun nánò ní Faransé, tàbí tó kó o wọlé, tàbí tó pín in, tí ó sì tó gíráàmù 100 lọ́dún, gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún ìjọba. Mo gbé ọ̀rá ìyẹ̀fun Wando kan sórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù 125 ni.

Àwọn tó ń ta omi fàdákà fún mímu, tí wọ́n ń sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, òpùrọ́ ni wọ́n. Ẹni tó bá ń mu fàdákà fún ìgbà pípẹ́, awọ ara rẹ̀ lè di aláwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ aró, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Àwọn tó ń sọ pé nánò ni òyìnbó fi ń ka iye wa láti inú ikùn, àwọn náà ń ba nǹkan jẹ́, torí pé wọ́n ń fún ọlọ́jà láyè láti fi wá ṣẹ̀sín, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tó yẹ kí ó dáhùn. Bí kòkòrò bá wà nínú kànga yín, ẹ se omi náà kí ó hó dáadáa, tàbí kí ẹ lo omi jáfẹ̀lì (bleach) bí a ti júwe rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì gbé ṣáláńgá jìnnà sí kànga.

Ìbéèrè náà, ẹnu ìyá àgbà kan ni mo ti gbọ́ ọ, ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu, níbi tí omi ilẹ̀ ti jìn tí wọ́n sì ń gbe omi òjò sínú sítẹ́nì, ìyẹn kòtò tí wọ́n mọ láti tọ́jú omi. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ fi asẹ́ nánò sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n sì pè mí láti wá túmọ̀ Faransé. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ìyá náà ní kí n gbé ọ̀pá inú asẹ́ fún òun. Ó gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i wò, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi bi wọ́n, tí eléyìí bá kú, ta ni yóò sin ín?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí fáìlì rẹ̀, ó tún pa á dé. Èmi tí mo kọ ìbéèrè mọ́kàndínlógún sínú ìwé kí n tó kúrò ní Àjàṣẹ́, n kò kọ ìyẹn.

Ìpàdé mẹ́ta la tún ṣe kí ilé iṣẹ́ náà tó fọwọ́ sí i pé àwọn yóò máa padà kó gbogbo ọ̀pá tó bá ti kún. Àgbá epo kan tó ní ìdérí ni wọ́n ń kó wọn sí nílé ẹ̀kọ́, ọwọ́ ìyá náà sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo dé ibẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ṣí àgbá náà fún mi, ó ń kà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọjọ́ sí lára. Mọ́kànlá ló yẹ kí ó wà níbẹ̀, mẹ́wàá ló kà. Ó tún wọn kà. Ó so ìró rẹ̀ le, ó sì ń ya ilé kiri, títí ó fi bá ọ̀kan tó kù lọ́wọ́ ọmọdé kan tó fi ń bomi sí ẹnu adìyẹ.