Àfidáfítì Kóòtù Kì í Fọ Ọkọ̀ Olè Mọ́

"Ọkàn mi balẹ̀. Ìwé rẹ̀ pé, a sì ti lọ ṣe àfidáfítì ní kóòtù Ìyágankú." Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ aládàáni n'Ìbàdàn, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún yín nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì bi í léèrè ẹni tó ta á fún un. Ìgbàgbọ́ náà ti ràn débi pé àwọn tó ń tajà gan-an ló ń fi í polówó: àfidáfítì wà, ìwé wà, ẹ mú owó wá.

Òdì ni. Ọkọ̀ olè, olè ni títí ayé, àfidáfítì ì báà pé mẹ́wàá lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àfidáfítì jẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni, tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ẹni náà sì búra lé lórí. Òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gba ìbúra kò ní kí ẹ gbé ọkọ̀ wá kóun wò ó. Kò ní yẹ nọ́ńbà ṣáṣì, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára irin ọkọ̀, wò, kò ní pe ọlọ́pàá, kò sì ní wádìí bóyá orúkọ tó wà lórí ìwé ni ìyá ẹni tó ń búra sọ ọ́. Gbogbo ohun tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń sọ ni pé ẹnì kan wá síwájú òun lọ́jọ́ báyìí, ó búra, ó fọwọ́ sí i. Bóyá òótọ́ ni ẹni náà búra, bóyá irọ́ ni, kò sí nínú ohun tí òǹtẹ̀ ń jẹ́rìí sí.

Ẹ lọ sí àyíká kóòtù lọ́jọ́ iṣẹ́ kan kí ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń bá èèyàn tẹ̀wé, àyè orúkọ, irú ọkọ̀ àti nọ́ńbà nìkan ló ṣófo: pé èmi ni mo ni ọkọ̀ yìí, pé ìwé rẹ̀ sọnù níbi tí mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ mi, pé mo wá a títí n kò rí i. Ẹni tí àpò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Mókọ́lá lóòótọ́ àti ẹni tó jí ọkọ̀ gbé níwájú ilé ìjọsìn, ìwé kan náà ni wọ́n ń bá jáde. Ìwé tí ọlọ́pàá ń fún èèyàn pé nǹkan rẹ̀ sọnù kò yàtọ̀. Ohun tí ẹ bá lọ sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀.

N kò sọ pé kò wúlò o. Bí ẹni tó tajà bá lo orúkọ rẹ̀ tòótọ́, àfidáfítì yẹn lè dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni ìbúra èké. Wọ́n sì lè béèrè rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ padà. Àmọ́ oníjìbìtì kì í sábà búra lórúkọ ara rẹ̀.

Òfin títa ọjà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá láti ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893 ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò le: ẹni tí kì í ṣe olówó ọjà, tí olówó rẹ̀ kò sì rán níṣẹ́, kò lè gbé ohun tí kò ní fún ẹlòmíràn. Àwọn ìgbà díẹ̀ wà tí òfin yọ̀ǹda ohun tó yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n jí kò sí lára wọn. Kódà kí ọkọ̀ náà ti gba ọwọ́ ẹni márùn-ún kọjá, kí ẹnì karùn-ún sì ti san owó rẹ̀ pé pérépéré, tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ bá jáde, tirẹ̀ ni yóò gbà. Ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó tà á fún yín lọ. Òfin gbà fún yín láti gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ẹni tó bá tajà ti sọ nínú títà náà pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Níbo lẹ ti máa rí i ni ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ lè kọjá ti owó. Abala 427 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ní ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n jí, tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i, lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ kí òfin yẹn tó dé: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò mọ̀ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá á kọ́kọ́ bi yín kí ló dé tí ẹ fi san ìdajì iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ, tí ẹ san án lówó, lálẹ́, fún ẹni tí ẹ kò mọlé rẹ̀. Ẹ tètè wá ìdáhùn sí i.

Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń pa èèyàn jù kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀dọ̀ olè paraku. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo ọkọ̀ lójúmọmọ, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó èrò tàbí tó ń gba ìpè lórí fóònù n'Ìbàdàn, ọkọ̀ háyà-pọ́ṣéèsì ni: awakọ̀ ń san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì tíì di tirẹ̀ títí yóò fi san kọ́bọ̀ ìkẹyìn. Òmíràn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ló yá a lówó tó fi rà á, ojúlówó ìwé wà nínú dúróọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́, fótókọ́pì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí èèyàn fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn tí ẹni tó mú fótókọ́pì wá bá ń pa. "Ìwé wà lọ́wọ́ ìyàwó mi nílùú òyìnbó." "Báńkì ní kí n wá gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Èyí tó wà lásìkò báyìí ni ti ẹni tó fẹ́ jápa, tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ń gbéra lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sì sí àyè fún un láti bá yín débì kankan. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ń jápa lóòótọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú tirẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ fi owó yín san.

Ti ọkọ̀ olóògbé ló ń dùn mí jù. Bàbá kú, ó fi Sienna tó ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé sílẹ̀ nínú ọgbà, Dáwódù ilé sì wá oníbàárà torí owó ìnáwó òkú. Ìgbàgbọ́ òdì mìíràn ló jókòó sínú èyí, pé àkọ́bí ló ni ogún. Òun lè jẹ́ olórí ẹbí, ṣùgbọ́n ogún ẹni tó kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ ló jọ ni ín, bẹ́ ẹ fi ìdí igi pín in, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, bẹ́ ẹ fi orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Ẹjọ́ ìdílé Dáwódù àti Danmole, tí wọ́n parí nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, dá lórí irú ìpín yìí gan-an. Tí ẹ bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ìyá kejì lè wá kan ìlẹ̀kùn yín. Ẹ béèrè ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fún ẹni tó ń bójú tó ogún náà. Bí kò bá sí, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. "Ọmọ ìjọ wa ni" kò sì sí lára ohun tí òfin mọ̀ sí ẹ̀rí.

Ó yá, ẹ fi ìwé sílẹ̀, kí a lọ síbi irin. Ìwé ṣeé tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, irin le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ní Àkóbọ̀ ń ta Toyota Sienna, ó ní ti ọdún 2007 ni. Ẹ tọ iwájú ọkọ̀ náà lọ lójúmọmọ, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà ṣáṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ kà á: àmì 17 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá láti ọdún 1981. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta kan, I, O àti Q, kì í sí nínú rẹ̀ rárá, kí èèyàn má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lórí irin, ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Sienna ìgbà yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5TD, nítorí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ wá ka àmì títí dé ìkẹwàá. Òun ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 7 ni 2007, lẹ́tà A sì ni 2010. Bí ẹ bá bá 5 níbẹ̀, ẹni yẹn ti fi ọdún méjì gbé owó lé e.

Kì í sì ṣe owó nìkan. Ẹ́ńjìnnì Sienna láti 2004 dé 2006 ń lo táímìn bẹ́líìtì, ìgbànú rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ ní nǹkan bí 90,000 máìlì. Láti 2007 ni wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì tó ń lo ṣéènì sí i. Ẹni tó bá rò pé 2007 lòun rà kò ní ronú kan bẹ́líìtì, ọjọ́ tó bá já lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tòun ti ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn ló máa tó mọ̀.

Nọ́ńbà kan náà tún wà lára sítíkà tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí ẹ fi ti gíláàsì wé ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tún fi méjèèjì wé ti ìwé, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ má kàn gbójú fò ó. Bí sítíkà bá ti ṣí, ó lè jẹ́ pé páńẹ́lì bítà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe olè dandan, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìbéèrè kan tí ẹ máa bi í. Bí orí àwọn ìṣó kéékèèké tó di awẹ́ irin iwájú mú bá ti họ, bí ẹni pé wọ́n fi irinṣẹ́ yọ ọ́, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ tún tẹ nọ́ńbà náà sórí Google kí ẹ tó kúrò. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti gba ọjà gbàǹjo kọjá ní Amẹ́ríkà, àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ tí iwájú rẹ̀ fọ́ tàbí tí omi mù ún sì lè ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì tí ẹ mú wá á yẹ ẹ́ńjìnnì àti jíà wò, ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kò mọ ẹni tó ni ọkọ̀. Iye máìlì tó hàn níwájú awakọ̀, ẹ má gbára lé e, fífà á sẹ́yìn kò ṣòro.

Nọ́ńbà pátákó lára ọkọ̀ ṣeé yẹ̀ wò lórí ìkànnì FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fúnra yín, lórí fóònù. Ti ọlọ́pàá, ẹ gba ọ̀dọ̀ wọn lọ kí wọ́n bá yín wo bóyá ẹnikẹ́ni ti fẹjọ́ ọkọ̀ náà sùn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, èyí tó bá sì gba ojú pópó ìkọ̀kọ̀ wọlé láìsan owó, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá bá a, kò sí pé ẹ kì í ṣe ẹni tó kó o wọlé.

Ohun tó mú kí àfidáfítì máa tàn wá jẹ ni pé ó rọrùn. Owó kékeré ni, kì í gba wákàtí kan, ó ní òǹtẹ̀, ó ní orúkọ kóòtù lórí, ẹni tó ń rà á sì ti rẹ̀, ó kàn fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sílé kí àwọn ọmọ lè rí i. Ẹni tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń kọ́kọ́ dárúkọ kóòtù.

Tí gbogbo èyí bá ti yè kooro, ẹ wo orúkọ mẹ́ta: ti ojúlówó ìwé ọkọ̀, ti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ti àkáǹtì tó ní kí ẹ sanwó sí. Kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà. Bó bá ní kí ẹ san án sí ti àbúrò òun, ẹ dúró ná. Ẹ wá ní kí ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n yí orúkọ padà níṣojú ẹ̀yin méjèèjì kí gbogbo owó tó wọlé. Olówó ọkọ̀ tòótọ́ á kùn díẹ̀, á ní ẹ ń fi ọjọ́ òun ṣòfò, àmọ́ á bá yín lọ.