Bí ọ̀rinrin ṣe ń fa àrùn sára ewéko inú ọgbà ilé

Ewéko kò lè yè láìsí omi, síbẹ̀ omi yìí kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn tó ń pa á. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọgbà lẹ́yìnkùlé máa ń ṣọ́ bóyá omi tí wọ́n bù kéré tàbí ó pọ̀. Ó dára kí wọ́n ṣọ́ ọ, àmọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n kà ni wákàtí: ó pẹ́ tó báwo kí omi tó gbẹ lójú ewé?

Fọ́ńgáì ló ń fa púpọ̀ jù lọ nínú àrùn ewéko. Ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú olú àti ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Hóró wọn, tí wọ́n fi ń tàn kálẹ̀ bí irúgbìn, kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan ṣoṣo, atẹ́gùn ń gbé e kiri, kò sì sí ọgbà tí kì í bà sí. Bí hóró náà bá bà sórí ewé gbígbẹ, púpọ̀ nínú wọn ni kì í rí nǹkan kan ṣe. Bí ó bá bá omi níbẹ̀, kódà kó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á fa omi náà mu, á wú, á sì hù. Okùn tín-ín-rín kan á yọ lára rẹ̀, á máa wá àwọn ihò wínníwínní tí ewé fi ń mí, tàbí kó gún awọ ewé wọlé. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Bí ewé bá gbẹ kó tó parí rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn hóró tó ti ń hù ló máa kú síbẹ̀. Bí ó bá ti wọlé tán, gbígbẹ ojú ewé kò tún lè dá a dúró mọ́, nítorí inú ewé ló ti ń jẹ tó ti ń mu. Ìdí nìyí tí oògùn bàbà (kọ́pà) tí wọ́n ń fín sára ewéko fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí òjò tó dé. Ó ń pa hóró tó ń hù, kò lè lé èyí tó ti wọlé jáde.

Àrùn kọ̀ọ̀kan ló ní iye wákàtí tirẹ̀. Èyí tó ń yọ àbàwọ́n dúdú sára ewé róòsì nílò bíi wákàtí 7 tí ewé fi tutù láìgbẹ rárá. Èyí tó ń mú kí èso ápù yọ èépá lè wọlé láàárín wákàtí 6 sí 9 bí ojú ọjọ́ bá wà ní nǹkan bí 20°C. Bí òtútù bá mú jù bẹ́ẹ̀, á pẹ́ sí i. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni àrùn tó ń sọ ewé tòmátì àti ti pòtétò di jíjóná láàárín ọjọ́ mélòó kan. Òun ló ba pòtétò jẹ́ ní Ireland láti ọdún 1845, tí ìyàn sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn. Kì í ṣe fọ́ńgáì gan-an, ó sún mọ́ àwọn koríko inú òkun ju olú lọ, ó sì fẹ́ràn omi dé góńgó. Nígbà tí òtútù bá wà díẹ̀, àpò hóró rẹ̀ á bẹ́, àwọn wínníwínní tó ní ìrù á jáde, wọ́n á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó wà lójú ewé títí wọ́n á fi rí ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Àárọ̀ kùtù ló yẹ kéèyàn wò ó. Ẹ yí ewé tó ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ náà padà: lẹ́yìn rẹ̀, ní etí ibi tó ti ń kú, ẹ máa rí nǹkan funfun fẹ́lẹ́ bí òwú. Hóró tuntun ló wà lórí rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ràn dáadáa, ó lè má hàn mọ́.

Òjò nìkan kọ́ ló ń mú ewé tutù. Lálẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́, ooru máa ń jáde kúrò lára ewé lọ sójú ọ̀run, òtútù ewé á wá ju ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì di omi sí i lára. Ìrì nìyẹn. Ká ní ìrì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ ní agogo 11 alẹ́, tí oòrùn sì gbẹ ẹ́ ní agogo 8 àárọ̀, wákàtí 9 ni ewé ti fi tutù. Bí a bá wá bu omi lé e lórí ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́, tí omi náà kò gbẹ kí ìrì tó dé, ó di wákàtí 14. Ẹni tó bomi rin ín ní ìdájí kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún un, torí ewé ti tutù tẹ́lẹ̀, oòrùn sì ti ń bọ̀. Omi kan náà, ewéko kan náà. Àkókò ni wọ́n fi yàtọ̀. Èyí tó dára ju méjèèjì lọ ni kí omi má tilẹ̀ kan ewé rárá: ìdí ewéko ni ká bu ú sí, tàbí ká tẹ́ rọ́bà tó ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀.

Gbígbìn há-há náà ń fi kún wákàtí yìí. Láàárín ewé tó fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ò lọ, ọ̀rinrin ò jáde, ohun tó yẹ kó gbẹ ní agogo 8 á di agogo 11. Ká fi àyè sílẹ̀, ká fi igi gbé tòmátì dúró, ká sì gé àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ wọ̀nyí ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbàrùn, ó sì nídìí. Hóró àrùn púpọ̀ ń sùn nínú ilẹ̀ àti nínú ewé ọdún tó kọjá, ẹ̀kán òjò tó bá balẹ̀ ló ń ta wọ́n sókè. Koríko gbígbẹ tó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lórí ilẹ̀ máa ń dènà títa yìí. Kó má ṣáà kan igi ewéko fúnra rẹ̀, kí ibẹ̀ má bàa rà.

Bakitéríà kò lè gún awọ ewé. Ojú ọgbẹ́ tàbí ihò mímí ló ń gbà wọlé, omi ló sì ń gbé e débẹ̀. Nítorí náà, kéèyàn má fọwọ́ kan ewéko ẹ̀wà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, kó má sì já a, nítorí ọwọ́ àti aṣọ ló máa pín in kárí ebè. Ti fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀, kòkòrò tó ń fa omi ara ewé ló sábà ń gbé e kiri.

Àrùn kan wà tó yà kúrò nínú gbogbo èyí: ìyẹ̀fun funfun tó ń bo ewé kùkúńbà àti elégédé. Hóró rẹ̀ gbé omi tirẹ̀ dání, kò nílò omi lójú ewé láti hù; bí omi bá tilẹ̀ bò ó, ó máa ń ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti òjìji ló fẹ́. Ìdí rèé tó fi ń yọ nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí ológbà sì rò pé wàhálà àrùn ti tán.

Abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù wà. Gbòǹgbò ń mí, afẹ́fẹ́ tó sì ń mí wà nínú àwọn àlàfo ilẹ̀. Bí omi bá kún àlàfo wọ̀nyẹn tí kò sì lọ, afẹ́fẹ́ máa tán níbẹ̀, nítorí nínú omi, ọ́síjìn tí gbòǹgbò ń mí ń rìn lọ́nà tó fa ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po bíi 10,000. Gbòǹgbò á di aláìlera, àwọn àrùn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi á sì bá a níbẹ̀. Gbòǹgbò tó ń rà kò lè fa omi mọ́, torí náà ewé á rọ, bí ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ológbà á rí i, àánú rẹ̀ á ṣe é, á tún bu omi sí i. Kó tó bu ú, kó kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ewé sì rọ ní ìdájí, kí oòrùn tó mú, kó fa ọ̀kan tu kó wo gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò tó dá ṣáṣá máa ń funfun, ó sì le. Èyí tó ti rà á di ràkọ̀ràkọ̀; bí a bá fi ìka méjì fà á, awọ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti àárín nìkan ló máa kù. Irú èyí kò ṣeé wò sàn. Ilẹ̀ ibẹ̀ la máa tún ṣe kí òmíràn tó wọ ibẹ̀: ká gbé ebè ga sí i, ká da ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ amọ̀ tó le, kí ike tí a gbin nǹkan sí sì ní ihò nídìí.