500 Ọmọ Tó Di 825

Bí ilé-ẹ̀kọ́ girama Kátólíìkì kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà bá ní 500 akẹ́kọ̀ọ́, 825 ni IHSA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá níbẹ̀, lè kọ sílẹ̀ fún un kí wọ́n tó pinnu àwọn tó máa bá fìgagbága nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń kọ ọ́ mọ ìṣirò o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ 500 náà di ìlọ́po 1.65 ni. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé òfin náà kalẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí tí wọ́n ń dé akoto fún ni, tí wọ́n ń há sí abíyá sáré. Èèyàn 11 ló ń wọ pápá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tó lérò máa ń ní 11 fún ìkọlù, 11 mìíràn fún ìdènà. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ò rírú ẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré tán ò ní ráyè mu omi, òun náà ló máa yíjú padà lọ dènà. Tó bá fi máa di ìdá kẹrin eré, ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka orí.

Bí ọ̀rọ̀ ìlọ́po yìí bá délẹ̀, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé owó ló fà á: ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, bíi ti Kátólíìkì, lówó, ó ní pápá tó dáa, ẹ jẹ́ kó ru ẹrù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti sú etí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó lówó ju ti àlùfáà lọ wà lẹ́yìn odi Chicago, kò sì sẹ́ni tó ń sọ tiwọn di ìlọ́po. Ààlà ni wọ́n ń wò, ìyẹn àdúgbò tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti gba ọmọ.

Ẹ wo ọjà tòmátì. Odindi apẹ̀rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń gbé. Ọmọ tí ilé wọn bá bọ́ sáàárín ààlà ni tirẹ̀, ìbáà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ fèrè ló fẹ́ máa fọn. Tó bá tú apẹ̀rẹ̀ délé, èyí tó le wà lókè, èyí tó ti bẹ́ wà nísàlẹ̀. (Ní ti bọ́ọ̀lù nìkan là ń wí o, ọmọ tó ń fọn fèrè kò bẹ́.) Aládàáni dúró nídìí àtẹ ní tirẹ̀, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò, àtẹ ìlú mẹ́fà sì ló lè ṣà dé. Bí àwọn méjèèjì bá ka 500 sínú agbọ̀n, iye kan náà ni, ọbẹ̀ ò lè rí bákan náà. Ìlọ́po wá dà bí ìyálọ́jà tó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣà, ọ̀kan yín ju ọ̀kan lọ.” Nítorí náà, kì í ṣe aládàáni nìkan ni òfin Illinois mú. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Chicago tó ń fi ìdánwò gba ọmọ láti gbogbo ìgboro wà nínú rẹ̀, torí òun náà ń ṣà.

Wọ́n gbà kí wọ́n ṣà o, wọn ò gbà kí wọ́n máa fa ọmọ lọ́wọ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tín-ín-rín. Ní 1997, akọ́nimọ̀ọ́gbá Brentwood Academy, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọkùnrin tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì wọlé, ó ní kí wọ́n wá síbi ìgbáradì, ó sì fọwọ́ sí i ní “Akọ́nimọ̀ọ́gbá yín.” Àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ náà bu owó ìtanràn $3,000 lé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Ẹjọ́ lẹ́tà yìí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà ní 2001, ó tún padà débẹ̀ ní 2007 kí wọ́n tó dá àjọ náà láre.

Àléébù ìlọ́po ni pé àṣẹ láti ṣà ló ń wò, kò bìkítà ohun tó wà lórí àtẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kékeré tó dé ọjà nírọ̀lẹ́, tó bá kìkì èyí tó ti fọ́, máa san iye tí ẹni tó jí dé ọjà san. Nígbà tó yá ni Illinois wá ń yọ àwọn tí kì í borí sílẹ̀. Missouri, tó ń lo 1.35 tẹ́lẹ̀, jù ú nù pátápátá.

Ti Indiana ló gbọ́n jù. Láti 2012, ọbẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ wò níbẹ̀, wọn kì í wo apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó gba ife ìpínlẹ̀ ń gba máàkì 4, èyí tó já kulẹ̀ ní àṣekágbá ń gba 3, ó ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 1 fún ẹni tó borí ní agbègbè rẹ̀ nìkan. Èyí tó bá kó 6 jọ láàárín ọdún méjì gòkè sí ìsọ̀rí àwọn tó lérò jù ú lọ, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, ìbáà jẹ́ ti àlùfáà.

Ibi tó kù sí ni pé ọbẹ̀ àná ni wọ́n ń tọ́ wò. Àwọn tó kó máàkì náà jọ ti ń gbàwé ẹ̀rí, wọ́n ti ń lọ sí yunifásítì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé akoto, tí kò sí lórí pápá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ife, òun ló máa lọ kojú ilé-ẹ̀kọ́ tó ní 11 fún ìkọlù, 11 mìíràn fún ìdènà.