Ìdí tí ìlú fi ń san owó gbà-má-bínú tí ọlọ́pàá kò sì lọ sẹ́wọ̀n

Bí ẹnìkan bá kú níbi tí ọlọ́pàá ti ń fi agbára dè é mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ méjì ló lè tinú ikú kan náà jáde. Ẹbí olóògbé ló ń pe èkíní láti gba owó lọ́wọ́ ìlú àti ọlọ́pàá. Ìjọba nìkan ló lè pe èkejì, ìyẹn ẹjọ́ ọ̀daràn. Eric Garner kú ní New York ní oṣù Keje 2014 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá fi apá há a lọ́rùn. Ní oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń wò ó bóyá ẹ̀sùn wà kọ̀ láti fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá ọ̀hún. Ní 2015, ìlú gbà láti san mílíọ̀nù 5.9 dọ́là fún ẹbí. Wọ́n lé ọlọ́pàá náà lẹ́nu iṣẹ́ ní 2019, ṣùgbọ́n kò dé ẹ̀wọ̀n.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1871, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Section 1983, tó fún aráàlú láyè láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú lẹ́jọ́, ni ẹbí sábà máa ń gùn lé. Ó tó bí ẹ̀rí wọn bá fi díẹ̀ wúwo ju ti ẹnìkejì. Ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi lélẹ̀ ní 1989 nínú ẹjọ́ Graham v. Connor ni pé, ṣé ọlọ́pàá tó ní làákàyè, tó bá ara rẹ̀ nírú ipò bẹ́ẹ̀, yóò lo irú agbára yẹn? Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń yọ̀ ni ààbò tí wọ́n ń pè ní qualified immunity: bí kò bá sí ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá tó fi hàn kedere pé ohun tí ọlọ́pàá ṣe lòdì sí òfin, ó lè bọ́. Ìlú náà kì í jẹ̀bi kìkì nítorí pé òun ló gbà á síṣẹ́. Ẹbí gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìlànà, àṣà tàbí àìkọ́ òṣìṣẹ́ dáadáa ló fà á.

Nítorí ewu tó wà níhà méjèèjì, wọ́n sábà máa ń jókòó dúnàádúrà. Ìwé àdéhùn á kọ ọ́ pé ìlú kò gbà pé òun ṣẹ̀. Àpò ìlú tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò ni owó náà ti ń jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó jáde lápò ọlọ́pàá.

Ẹjọ́ ọ̀daràn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ borí gbogbo iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání, gbogbo ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè dáni lẹ́bi. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ni àríyànjiyàn lórí ohun tó pa olóògbé. Ẹni tó dojú bolẹ̀ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, tí èèyàn tún fi ìwúwo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, àyà rẹ̀ kì í lè fẹ̀ tó láti mí. Láti 1995 ni iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá dè kúrò ní ìdojúbolẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò ọlọ́pàá yóò ní àrùn ọkàn tàbí oògùn olóró ló pa á. Bí dókítà bá sì kọ ọ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló fa ikú náà, kò tíì sọ pé onítọ̀hún rú òfin.

Ìdí nìyí tí iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Nínú ẹjọ́ George Floyd, tó kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Minneapolis, fídíò fi hàn pé ọlọ́pàá Derek Chauvin kúnlẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 29, kò sì dìde nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé òun kò rí ìlù ọkàn Floyd mọ́. Ìlú kéde mílíọ̀nù 27 dọ́là ní oṣù Kẹta 2021 nígbà tí wọ́n ṣì ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ẹjọ́. Adájọ́ ní láti yọ ẹni méjì tí wọ́n ti yàn nítorí pé ìròyìn owó náà ti kó sí wọn lórí. Chauvin gba ẹ̀wọ̀n ọdún 22 àti ààbọ̀.

Ní Aurora, ìpínlẹ̀ Colorado, Elijah McClain kú ní 2019 lẹ́yìn tí ọlọ́pàá fi agbára dè é mọ́lẹ̀, ìlú sì gbà láti san mílíọ̀nù 15 dọ́là ní 2021. Agbẹjọ́rò ìjọba àkọ́kọ́ ti kọ̀ láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, àfìgbà tí ìgbìmọ̀ aráàlú ti ìpínlẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ní 2023, wọ́n dá ọlọ́pàá kan lẹ́bi, wọ́n dá méjì sílẹ̀, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàjáwìrì méjì tó bójú tó fífún un ní abẹ́rẹ́ ketamine, oògùn tó ń mú ara rọ̀ wọ̀ọ̀, lẹ́bi. Owó kan ṣoṣo ni ìlú san, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú ni ilé ẹjọ́ ọ̀daràn wọ̀n fún un.