Ọwọ́ ilẹ̀kùn ló bí i: bí òfin pátẹ́ńtì ṣe dé orí oògùn jẹjẹrẹ

Ẹni tó bá ti ra oògùn jẹjẹrẹ fún ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ ní UCH mọ̀ pé oògùn tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe, onítọ̀hún ló ń dá iye lé e. Pátẹ́ńtì, ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe ohun tí ẹnì kan dá sílẹ̀, ló ń fún un lágbára yẹn fún ogún ọdún. Ìbéèrè tó sì lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé: ṣé ẹni tó mọṣẹ́ ò ti ní mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀?

Orí ọwọ́ ilẹ̀kùn ni ìbéèrè yìí ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1841, àwọn kan gba pátẹ́ńtì ní Amẹ́ríkà lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn alámọ̀. Irú rẹ̀ ti wà, igi àti irin ni wọ́n fi ń ṣe é. Amọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ní 1851, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ wọ́gi lé e. Káfíńtà Bódìjà tó fi ìrókò kan irú àga tí gbogbo ayé ń fi afárá kàn kò lè ní òun dá nǹkan sílẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n tó kọ ìbéèrè yìí sínú òfin Amẹ́ríkà.

Oògùn tó ń wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ ló mú ìbéèrè náà le. Paul Ehrlich, ará Jámánì, ti ń lálàá ọta tó máa ba àrùn nìkan láì ba ara láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kadcyla, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2013 fún irú jẹjẹrẹ ọmú kan, sún mọ́ àlá yẹn. Herceptin, tó jẹ́ àǹtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tó máa ń wá ohun kan pàtó lọ lẹ̀ mọ́ nínú ara, ló ń gbé májèlé dé ara sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà. Ìran maytansine ni májèlé ọ̀hún, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára igi kan láti Ethiopia, tó sì le jù fún aláìsàn bí wọ́n bá fún un lásán.

Ilé iṣẹ́ Phigenix gbé pátẹ́ńtì tí ilé iṣẹ́ ImmunoGen ní lórí irú àsopọ̀ yìí lọ síwájú ìgbìmọ̀ ọ́fíìsì pátẹ́ńtì Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wọ́gi lé e: Herceptin ti wà, májèlé ti wà, ta ni kò ní ronú àtiso wọ́n pọ̀? Ìgbìmọ̀ ò gbà. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn; síso wọ́n pọ̀ kò ṣòro láti rò, bí kò ṣe ní pa aláìsàn ni iṣẹ́ wà. Phigenix pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àmọ́ ní 2017 wọ́n dá a nù torí kò fi hàn pé pátẹ́ńtì náà pa òun lára. Ní 2025, ImmunoGen ló pàdánù: ọ̀nà tó ń gbà wọn oògùn mìíràn fún aláìsàn, ilé ẹjọ́ ní ẹni tó mọṣẹ́ á ti mọ̀ ọ́n.

Nílé wa níbí, òfin 1970 béèrè ohun kan náà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń fúnni ní pátẹ́ńtì kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, tó ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn, ló lè wọ́gi lé e. Ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀ràn náà kan òun. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ìyẹn ò dè.